Ìgbéraga àti Ìrẹ̀lẹ̀ ní Ọ̀nà Agbára Ogun àti Ilẹ̀ Ọba

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣooṣù

  Alága wa ni ó ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa agbára àwọn baba ńlá wa lójú ogun. Mo gba iṣẹ́ náà tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó láti kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, mo rí i pé kò ní tọ́ kí n sọ apá kan kí n sì fi apá kejì pamọ́. Nítorí náà, ẹ gbà mí láàyè kí n sọ nípa agbára náà, kí n sì sọ nípa ohun tí ó pa á.

Ohun tí ó mú mi ronú báyìí ni èyí. Ọmọ Ìbàdàn ni èmi tí ń sọ̀rọ̀ yìí. Ní ìpàdé kan tí a ń ka oríkì ìlú, èmi náà dìde, mo sì ń ka orúkọ àwọn ìlú tí Ìbàdàn kó ní ayé ogun, bí ẹni ń ka owó ẹyọ. Gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo parí, ìjòyè àgbà kan láti Èkìtì dìde, ó kí mi dáadáa, ó sì wí pé, “Ọmọ mi, ìlú karùn-ún tí o dárúkọ yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti kó ìyá baba ńlá mi lọ.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó jókòó. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè pé, irú ògo wo ni èyí tí kò ṣe é sọ lójú arákùnrin ẹni?

Púpọ̀ nínú wa ń rò pé ìgbéraga ni kí ènìyàn máa yan lójú pópó tàbí kí ó máa sọ̀rọ̀ líle. Ìtàn wa kọ́ mi ní ohun tí ó jìn ju èyí lọ. Ìgbéraga alágbára ni pé kí ó gbàgbé ọwọ́ tí ó gbé e sókè. Kò sí ogun kan tí ó dá dúró fún ara rẹ̀. Ẹnì kan ni ó ń bọ́ ọ, ẹnì kan ni ó ta ẹṣin tàbí ìbọn fún un, ẹni tí ó ṣẹ́gun lánàá ni ó sì ń ru ẹrù rẹ̀ lónìí. Alágbára tí ó bá rántí àwọn wọ̀nyí, tí ó sì ń bá wọn lò bí ènìyàn, òun ni mo pè ní onírẹ̀lẹ̀. Ẹni tí ó bá gbàgbé wọn, ọwọ́ kan náà tí ó gbé e sókè ni yóò gbé e ṣánlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Ọ̀yọ́-Ilé. Ẹṣin ni agbára Ọ̀yọ́. Ní 1726 ni àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbógun ti Dàhọ̀mì. Ní 1730 Dàhọ̀mì gbà láti máa sin Aláàfin, wọ́n tún jagun lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní 1748. Títí di nǹkan bí 1823 ni ìṣákọ́lẹ̀ ń ti ibẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ẹṣin kò rọrùn láti sìn ní ilẹ̀ wa. Eṣinṣin inú igbó ń pa á, kì í sì í pẹ́ láyé bí ó bá sọ̀kalẹ̀ sí ìhà gúúsù. Ọ̀dọ̀ àwọn ará òkè ọya ni Ọ̀yọ́ ti ń ra ẹṣin, èrè òwò etí òkun, pẹ̀lú òwò ẹrú nínú rẹ̀, sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń rà á. Àwọn tí ń tọ́jú ẹṣin náà ńkọ́? Ẹrú láti ilẹ̀ Haúsá ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹṣin àjèjì, olùtọ́jú àjèjì, owó tí a rí lára ènìyàn tí a tà: orí nǹkan wọ̀nyí ni ògo ńlá náà jókòó lé.

Àwọn tí ó tẹ ìlú Ọ̀yọ́ dó mọ ewu tí ó wà nínú agbára. Wọn kò fi ìrẹ̀lẹ̀ sílẹ̀ fún ìwà ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi í sínú òfin. Aláàfin tí gbogbo ènìyàn ń dọ̀bálẹ̀ fún a máa kúnlẹ̀ kí obìnrin kan, Ìyámọdẹ, ẹni tí ń bọ ẹ̀mí àwọn ọba tí ó ti wàjà, “Bàbá” ni ó sì ń pè é. Bí Ṣàngó bá gun ẹlẹ́gùn, Ọba a dọ̀bálẹ̀ fún un. Baṣọ̀run àti àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì ìyókù ní ẹ̀tọ́ láti kọ ọba tí ó bá ba ìlú jẹ́. Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, olórí ogun gbogbo, kì í gbé inú ìlú kan náà pẹ̀lú Aláàfin. Bí ó bá sì lọ sí ogun, láàárín oṣù mẹ́ta ó gbọ́dọ̀ ṣẹ́gun, tàbí kí a gbé òkú rẹ̀ wálé. Ẹni tí ó dé adé kò di idà mú. Ẹni tí ó di idà mú kò dé adé. Olúkúlùkù ní ẹni tí ó gbọ́dọ̀ tẹríba fún.

Ó ṣeni láàánú pé àwọn tí òfin yìí dè ni ó tú u. Baṣọ̀run Gáà wà lórí oyè láti 1754 títí di 1774. Ẹ̀tọ́ tí òfin fún un láti kọ ọba burúkú, ó sọ ọ́ di ohun ìṣeré. Ìtàn sọ pé ọba mẹ́rin ni ó ti ọwọ́ rẹ̀ kú. Ọ̀kan nínú wọn, Awọ́nbíojú, kò lò ju 130 ọjọ́ lọ, nítorí pé ó kọ̀ láti wólẹ̀ fún ìjòyè tí ó yẹ kí ó wólẹ̀ fún un. Àwọn ọmọ Gáà tàn ká ilẹ̀, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀ fún ara wọn. Abíọ́dún tí ó jẹ lẹ́yìn náà kò bá a jiyàn. Àràárọ̀ ni ó ń lọ kí i. Èmi kò pe ìyẹn ní ìrẹ̀lẹ̀, ọgbọ́n ogun ni. Ní 1774 ó bá Ọ̀yàbí, Kakaǹfò tí ó wà ní Àjàṣẹ́, dì í ní rìkíṣí, ogun wọ Ọ̀yọ́, Gáà sì kú ikú oró. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń wí títí di òní pé, bí o láyà kí o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà kí o ṣòótọ́.

Lẹ́yìn ikú Gáà, ẹni tí ó bá ní etí ìbá gbọ́. Ṣùgbọ́n ní ìgbà Abíọ́dún kan náà ni àwọn ìlàrí tí Ọ̀yọ́ fi sí ìlú àwọn Ẹ̀gbá ń jẹ gàba lórí onílé. Wọ́n ń jẹ oko tí wọn kò ro, wọ́n ń gba ohun tí wọn kò rà. Lísàbí, àgbẹ̀ kan, ni ó fi ẹgbẹ́ àáró kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ. Ọ̀yọ́ rò pé oko ni wọ́n ń ro. Ní ọjọ́ tí wọ́n yàn, wọ́n dìde sí àwọn ìlàrí ní ìlú dé ìlú, Ẹ̀gbá sì bọ́ kúrò lọ́wọ́ Ọ̀yọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ àwọn ìlàrí yìí sí ọkàn, nítorí a óò tún pàdé rẹ̀ níwájú.

Lẹ́yìn Abíọ́dún ni Aólẹ̀ jẹ. Kí ó tó jọba, ó ti ń ṣòwò dé ọjà Àpòmù ní ilẹ̀ Ifẹ̀, níbẹ̀ ni ó ti ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́rú. Ọọ̀ni ti pàṣẹ pé a kò gbọdọ̀ ṣe irú rẹ̀, nítorí náà Baálẹ̀ Àpòmù mú un, ó sì nà án. Ẹjọ́ tí ó tọ́ ni. Àwọn àgbà wí pé bí a bá ta ará ilé ẹni ní ọ̀pọ̀, a kì í rí i rà ní ọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí Aólẹ̀ gun orí ìtẹ́, kò rántí ẹ̀bi rẹ̀, egba nìkan ni ó rántí. Ó pàṣẹ kí ogun lọ pa Àpòmù run. Baálẹ̀ náà pa ara rẹ̀ kí ìlú rẹ̀ má baà parun. Lẹ́yìn èyí, Aólẹ̀ rán àwọn ọmọ ogun sí Ìwéré, ìlú orí òkè tí kò ṣe é kó, kí Àfọ̀njá Kakaǹfò lè tibẹ̀ kú. Ogun náà mọ ètekéte náà, wọ́n yíjú padà sí Ọ̀yọ́, wọ́n sì fi igbá òfìfo ránṣẹ́ sí Ọba. Ní nǹkan bí 1796 ni Aólẹ̀ pa ara rẹ̀, lẹ́yìn tí ó ti ta ọfà sí ìhà ayé, tí ó sì fi gbogbo ilẹ̀ náà gégùn-ún. Àwọn kan ń fi gbogbo ìṣubú Ọ̀yọ́ lé èpè yìí lórí. Èmi kò bá èpè jiyàn, ṣùgbọ́n mo rí i pé kí ọba tó ta ọfà ni ilé ti wó.

Àfọ̀njá tí ó ṣọ̀tẹ̀ sí ọba rẹ̀ kò kọ́gbọ́n lára Gáà, bẹ́ẹ̀ ni kò kọ́gbọ́n lára Aólẹ̀. Ní Ìlọrin ó pe Àlímì, onímọ̀ Mùsùlùmí láti ìdílé Fúlàní, kí ó wá ràn án lọ́wọ́. Ní 1817 a ké sí àwọn ẹrú Haúsá tí ó wà káàkiri ilẹ̀ Ọ̀yọ́ pé kí wọ́n sá wá sí Ìlọrin. Ẹ rántí ẹni tí wọ́n jẹ́: àwọn tí ń tọ́jú ẹṣin Ọ̀yọ́ wà nínú wọn. Ọwọ́ tí ó gbé agbára Ọ̀yọ́ dúró bọ́ sí apá kejì. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun tuntun náà bẹ̀rẹ̀ sí kó ilé ará ìlú, Fágbohùn, Baálẹ̀ Jàbàtà, kìlọ̀ fún Àfọ̀njá. Ìkìlọ̀ náà sọ ọ́ di ọ̀tá rẹ̀. Nígbà tí ojú Àfọ̀njá là, ilẹ̀ ti ṣú. Ní nǹkan bí 1823 àwọn tí ó kó jọ ni ó pa á ní ìlú ara rẹ̀. Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, bá Ọ̀yọ́-Ilé lórí ìdúró ní 1826; ní nǹkan bí 1836 ibẹ̀ ti di ahoro.

Mo ti ń sọ ti Ọ̀yọ́. Ó tó àkókò kí n sọ ti ilé baba mi. Ní 1829 ni ọmọ ogun Ifẹ̀, Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá jọ dó sí Ìbàdàn. Ìlú àwọn tí ogun lé kúrò ní ilé ni, kò sì béèrè ìlú tí ènìyàn ti wá bí apá rẹ̀ bá ká ìjà. Ní 1840, nígbà tí Ìlọrin dó ti Òṣogbo, Òṣogbo ké sí Ìbàdàn, Ìbàdàn sì dá Ìlọrin padà. Bí kì í bá ṣe ti ọjọ́ náà, ta ni ó mọ ibi tí ogun náà ìbá dé? Ẹnì kan lè dìde nísinsìnyí kí ó wí pé, “Alàgbà, bí Ìbàdàn bá rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ ní 1840, ibo ni Òṣogbo ìbá wà?” Òótọ́ ni. N kò sọ pé kí alágbára jù idà sílẹ̀. Ní ọjọ́ náà Ìbàdàn lọ nítorí pé a pè é, ọpẹ́ ni ó sì gbà.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni mo ń sọ. A kò pè wá mọ́, a ń lọ. Ìjàyè, tí àwọn ará Ọ̀yọ́ bí àwa náà dó sí, ṣubú ní 1862. Ìbíkúnlé, Balógun wa, kò fẹ́ ogun náà láti ìbẹ̀rẹ̀. A kò gbọ́ tirẹ̀. N kò fi gbogbo ẹ̀bi sí apá kan. Kúrunmí dúró lórí àṣà nígbà tí ó kọ̀ láti júbà Adélù, Àrẹ̀mọ tí ó jọba lẹ́yìn baba rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti sọ ara rẹ̀ di òfin ní Ìjàyè, kò sì sí ẹni tí ó kù tí ó lè wí fún un pé kí ó rọra. Méjèèjì ga, kò sí ẹni tí ó fẹ́ tẹ̀. Ìlú ni ó san án. Ní 1870 Iléṣà náà ṣubú. Ìbàdàn fi àjẹ́lẹ̀ sí ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, àwọn àjẹ́lẹ̀ àti ọmọ ẹ̀yìn wọn sì ń fipá gba ewúrẹ́, ìkógun, àti ọmọ ọlọ́mọ. Ìlàrí Ọ̀yọ́ ni ó tún padà wá, aṣọ nìkan ni ó pààrọ̀. Ọmọ àwọn tí ìyà lé kúrò ní ilé ni ó ń fi ìyà jẹ ẹlòmíràn ní ilé rẹ̀.

Ní 1871 Látòósà di Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Akíkanjú ènìyàn ni, n kò ní fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró tì í. Ìyálóde Ẹ̀fúnṣetán Aníwúrà, tí ń fi ìbọn àti ẹ̀tù ran àwọn ológun lọ́wọ́, kú ní 1874 nípa àṣẹ rẹ̀. Nígbà tí ogun Ẹ̀gbá bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn ìjòyè kan sọ pé kò yẹ. Ìtàn sọ pé Ààrẹ dáhùn pé iṣẹ́ tí Ọlọ́run fún òun ni òun fẹ́ ṣe, àti pé bí òun bá parí rẹ̀, kò ní sí ogun mọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá.

Ní 1878 Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí bẹ́ orí àjẹ́lẹ̀, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì para pọ̀. Ta ni ó wá di olórí ogun wọn? Ògèdèǹgbé ti Iléṣà, ẹni tí ó ti bá ọmọ ogun Ìbàdàn gbé, tí ó sì kọ́ iṣẹ́ ogun lọ́dọ̀ wọn. Ta ni ó fún wọn ní ìbọn tuntun tí a ń ki ọta sí láti ẹ̀yìn? Àwọn ọmọ wọn tí ó wà ní Èkó, tí púpọ̀ nínú wọn ti ìdílé tí a kó lẹ́rú jáde. Ìró àwọn ìbọn náà ni a fi ń pe ogun náà ní Kírìjì. Látòósà kú sí ibùdó ní 1885, kò rí òpin ogun. Ní 1886 a fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun kò tú ká tán títí di 1893. Ọ̀rọ̀ Ààrẹ ṣẹ: ogun parí ní ilẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó parí rẹ̀ kì í ṣe Ìbàdàn. Gómìnà Carter láti Èkó ni, ní ìparí ọdún kan náà sì ni a fi òyìnbó kan sí Ìbàdàn láti máa ṣọ́ ọ. Orúkọ wo ni àwọn ènìyàn wa fi ń pe òyìnbó ipò bẹ́ẹ̀? Àjẹ́lẹ̀ ni.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, òyìnbó náà kò ṣàì jẹ nínú ọbẹ̀ yìí. Ní 1892 ni wọ́n ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmagbọ̀n. Ní 1895 wọ́n yin àgbá lu ìlú Ọ̀yọ́. Ní oṣù kejì ọdún 1897 wọ́n gba Ìbíní. Ní oṣù kẹfà ọdún 1897 náà ni wọ́n ṣe àjọ̀dún 60 ọdún Ọbabìnrin Victoria ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ọmọ ogun láti gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n kó tò lójú pópó. Rudyard Kipling, akéwì wọn tí ó fẹ́ràn ilẹ̀ ọba náà, ṣe ewì láti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe gbàgbé Ọlọ́run. Ní ọdún kan náà, ní ìlú Ọ̀yọ́, Samuel Johnson, olùṣọ́-àgùntàn tí ó ti ṣe alárinà ní 1886, kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá. Bí a ti ń pàtẹ́wọ́ fún ilẹ̀ ọba kan ní òkè òkun, ni ọmọ ilẹ̀ wa kan ń kọ bí ilẹ̀ ọba mìíràn ti ṣe wó. Ìwé náà kò jáde títí di 1921.

Agbára òyìnbó pẹ̀lú, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó gbé e dúró. Ọmọ ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ni púpọ̀ nínú àwọn tí ó jà fún wọn ní Ìmagbọ̀n. Nígbà ogun 1939 sí 1945, ọmọ Nàìjíríà lọ jà fún wọn dé Burma. Àwọn ọmọ ogun náà padà wálé, wọ́n ti rí òyìnbó tí ẹ̀rù ń bà, wọ́n sì ti rí i pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni ó wà lára gbogbo ènìyàn. India gba òmìnira ní 1947, Ghana ní 1957, àwa ní 1960. Ní 1997, 100 ọdún lẹ́yìn àjọ̀dún náà, wọ́n sọ àsíá wọn kalẹ̀ ní Hong Kong.

Nítorí náà, kí ni kí a ṣe? Ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀bẹ̀ fún. Èkínní, bí a bá ka oríkì ogun nínú Ẹgbẹ́ yìí, kí a jẹ́ kí ọmọ ìlú tí a kó sọ ti baba tirẹ̀ pẹ̀lú, kí a sì pàtẹ́wọ́ fún méjèèjì. Èkejì, kí ẹ̀yin ìjòyè wa dá àyè padà fún Fágbohùn àti Ìbíkúnlé, èyíinì ni ẹni tí yóò sọ òótọ́ lójú alágbára tí a kò ní torí rẹ̀ lé e jáde. Ìlú tí kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti sún mọ́ ìṣubú, bí ó tilẹ̀ ní 1,000 ẹṣin. Ẹ̀kẹta, kí a rántí Ìyámọdẹ. Bí Aláàfin ní ọjọ́ agbára rẹ̀ bá lè kúnlẹ̀, kí ni ó ń gán wa ní orúnkún?

Èmi fẹ́ kọ́kọ́ ṣe tèmi. Ìjòyè àgbà láti Èkìtì tí mo sọ nípa rẹ̀ wà ní ìjókòó yìí. Bàbá, n kò lè dá ìyá baba ńlá yín padà. Ṣùgbọ́n níwájú gbogbo Ẹgbẹ́, mo dọ̀bálẹ̀. Orúkọ ìlú yín kò ní jáde ní ẹnu mi mọ́ bí ohun tí a kó, bí kò ṣe bí ilé arákùnrin mi. Kí Olódùmarè má ṣe jẹ́ kí agbára pa wá bí òtí.